Ṣẹ́ẹ̀tì Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti tilẹ̀kùn mọ́rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

"Ó jọ pé kòrónà ni," ni mo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi látinú yàrá. "Ẹ má wọlé."

Òní ni wọ́n parí ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n ń kọ orúkọ sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn, kí kálukú tó máa lọlé.

Péjú, ọ̀kan nínú wọn, ti ṣẹ́ẹ̀tì tèmi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sí àyà rẹ̀ pé: "Orí ẹ á yọ ẹ́, Àrìnkẹ́."

"A ti pe ilé ìwòsàn," ló wí, ó ń sunkún. "Ọkọ̀ wọn ti kọjá ọjà Ayégbajú. A ò ní fi ẹ́ sílẹ̀."

Síréènì ti ń dún lẹ́nu géètì.

Ara mi le koko.

Mo féèlì kọ́ọ̀sì kan ní sáà tó kọjá ni, mi ò ní lè bá wọn gboyè jáde lọ́dún yìí.

Mo húkọ́, kí wọ́n lè gbọ́.