Ẹ̀rín Tó Fa Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin wọlé, ó ń jó láìsí orin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀! Ilé-iṣẹ́ yín ti gbà mí. Tí ìsinmi yín bá parí, a ó jọ máa jáde láàárọ̀."



Ọdún mẹ́fà ló ti ń bá ilé-iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ yìí ṣe awò ojú. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ.

"Ṣé o ń wáṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Èmi kẹ̀? Àwọn ni wọ́n pè mí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń wo àwòrán tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ yín ń dán!"

"Padà lọ bẹ ọ̀gá rẹ."

"Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò mi láàárọ̀ yìí." Ó wò mí tìfura-tìfura. "Àbí ẹ ò fẹ́ kí n dé ibi tí ẹ dé ni?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún un pé níbẹ̀, à ń tọrọ àyè kí a tó lọ tọ̀? Ọdún mẹ́ta ni mo fi parọ́ nílé pé ibẹ̀ dùn.

Ó na fóònù sí mi.

"Àwòrán yìí gan-an ló fà mí. Ẹ wo èrìgì yín níta! Ta ló ń rẹ́rìn-ín báyìí níbi tó burú?"

Èmi ni lóòótọ́. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo rín níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n yà á, ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tí mo fi fiṣẹ́ sílẹ̀ ni.