Omi Ìwẹ̀ Ìréwọlé

Láti Ìkìrun ni mo ti di kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti òrí sínú àpò, torí Ìbídùn ọmọ mi bímọ. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun?

Ilẹ̀ mọ́, mo po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀. Mo ní, "Gbé e wá."

Ìbídùn wo ẹ̀rọ kan lára ògiri. Ẹ̀rọ náà ló dáhùn: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín kò ní àṣẹ." Apá rọ́bà méjì nà jáde, wọ́n gbé Ìréwọlé, ọmọ tuntun náà, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Wọn ò jù ú sókè, wọn ò nà án lápá, wọn ò pe oríkì rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ò tilẹ̀ sunkún.

"Ìwọ tó o bí i ńkọ́?"

"Màámi, àwọn tó ṣòfin ọmọ títọ́ ní ọwọ́ mi wúwo nígbà ìdánwò ọmọ gbígbé. Ó di ìgbà tí mo bá yege kí n tó fọwọ́ kàn án."

Wàrà ọmú ti mú aṣọ rẹ̀ tutù. Ó bọ́ ọ, ó wá jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tó wà ní kékeré.

"Òfin ò sọ pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan èmi. Ẹ wẹ̀ mí."

Mo bu omi sí i lẹ́yìn. "Àpínkẹ́," mo fi oríkì pè é, "Àpínkẹ́ mi."

Bí Ìréwọlé ṣe gbọ́ ohùn mi, ó bú sẹ́kún lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Àwa méjèèjì gbójú sókè. Kò sí ẹni tó lè gbé e nínú wa.