Ẹni Tó Di Ẹsẹ̀ Ológbò Wa

Lóru ọjọ́ tí òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, Ẹyinjú, ológbò wa, ń ké lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oorun ń dùn mọ́ mi, mo sì fi aṣọ borí.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Ẹnìkan ti fi aṣọ funfun di ẹsẹ̀ náà. A tú u, a rí ọgbẹ́ jíjìn kan tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní.

Ọkọ mi bi mí pé, "Fọláṣayọ̀, ṣé ìwọ lo dì í?"

"Èmi kọ́. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru." Irọ́ náà korò lẹ́nu mi.

A kò ní aládùúgbò kankan. Ilé alámọ̀ kan ló wà lẹ́yìn ilé wa, òrùlé rẹ̀ ti wó, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tí ohùn ìyá àgbà kan jáde láti inú ilé náà.

"Ìyàwó, ṣé ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀?"

Orí mi wú. "Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mà."

"Ó họ ilẹ̀kùn yín títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ níbí. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

Ẹyinjú dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tiro lọ síbi tí ohùn náà ti wá. Mo fẹ́ pè é padà. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pè é?