Ahọ́n Inú Ìfun

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Nọ́ọ̀sì Bísóyè gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ìtọ́jú dé ilé Ìyá Fadérera.

"Màmá, ẹ tẹ̀ka. Ahọ́n inú ìfun yín ló ń tọ́ ṣúgà wò, òun ló ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Tá a bá pa á lẹ́nu mọ́ bíi ti Bàbá, àtọ̀gbẹ yín á rọlẹ̀."

"Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ yín tó ń kú yẹn, wọ́n lè gé e."

Ìyá bu mọ́ínmọ́ín fún ọkọ rẹ̀. Ara Bàbá ti le látìgbà ìtọ́jú tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń gbá ikùn lẹ́yìn oúnjẹ, tí á máa ki ìyàwó rẹ̀, ló wá ń jẹun bí ẹni ń kó yẹ̀pẹ̀.

"Bàbá Fadérera, ṣé ẹ ti yó?"

Bàbá wo àwo tí ilé ìwòsàn fún un, èyí tó máa ń dún bí oúnjẹ bá ti tó o. "Kò tíì dún."

Kò pẹ́ tí àwo fi dún. Bàbá dá ṣíbí tó ti dé ẹnu rẹ̀ padà.

Ìyá ti fọ́ọ̀mù sẹ́yìn. "Ọmọ mi, máa lọ. Màá máa mu omi ewúro mi, màá sì máa wọ́ ẹsẹ̀ yìí kiri. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣì máa yó nínú ilé yìí."