Owó Ẹsẹ̀

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ sì yé fẹsẹ̀ janlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ní ilé ìlagi kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bánjọ. Ó mọ gẹdú là bí ẹni gé iṣu, àmọ́ ìyìn a máa pa á bí ọtí. Ẹ ṣáà ti pè é ní "Ọlọ́lá," ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìtì igi yí lù ú, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi irin to eegun rẹ̀ pọ̀. Dókítà ní, "Irin yìí ò ní gbébẹ̀ títí ayé. Ẹ ó padà wá yọ ọ́ o." Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé ìlagi gbé owó ńlá wá, ó ní owó gbà-máà-bínú ni, kí Bánjọ tẹ̀ka síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bánjọ tẹ̀ka.

Ni Jìmọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá dé. "Ọlọ́lá! Wọ́n ní kó o má bínú, o wá ń fajú ro! Ra ọkọ̀, kí ayé rí ẹ!" Orí Bánjọ wú.

Àmọ́ ẹ̀rù ba Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ yẹn bá bàjẹ́, ọkọ òun ò ní rìn mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Dọlápọ̀, ta ni igi yí lù?"

"Èmi ni."

"Rárá o. Ẹsẹ̀ yín ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ kó má bínú. Ẹ̀yin ti ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ ò tíì gbà. Ẹ yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀."

"Háà! Ṣé ẹsẹ̀ a máa náwó ni?"

"Á ná an lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ irin. Ẹ ò ní gba ibí kọjá lónìí."

Kò dìde títí ọkọ rẹ̀ fi gbà. Wọ́n fi ìdajì sí báńkì lórúkọ àwọn méjèèjì, tí ẹnì kan ò lè dá gbà á jáde. Ìdajì tó kù, Bánjọ àti Jìmọ̀ ná an ní ìná-àpà. Nígbà tó tán, Jìmọ̀ fi í ṣẹ̀sín pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lówó jù ú lọ, ó sọ ọ́ lórúkọ: "Ẹlẹ́sẹ̀ Olówó!" Ojú ti Bánjọ, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n lọ gba díẹ̀ jáde. Èsì kan náà ni obìnrin yìí ń fún un: "Ẹ bi ẹsẹ̀."

Ọdún yípo, ẹsẹ̀ wú, Bánjọ ò lè fi tẹlẹ̀ mọ́. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọ̀gá ní, "O ti tẹ̀ka." Jìmọ̀ ò yọjú. Rẹ̀mílẹ́kún ò tiẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó mú ọkọ rẹ̀ gba báńkì lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yọ irin, ẹsẹ̀ sì san. Lọ́jọ́ tí Bánjọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Dọlápọ̀, ẹsẹ̀ ní kí n kí ẹ. Ó ní òun ti gbà, òun ò bínú mọ́."

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gba gbà-máà-bínú nílé ìlagi yẹn, ìbáà jẹ́ ìka ló fi gbọgbẹ́, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ti ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ẹ̀yin ọmọ, owó tí a gbà torí egbò, egbò ló ni ín. Ẹ má fi gba ìyìn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.