Alùpùpù Tó Kẹ́yìn

Ní ilé iṣẹ́ alùpùpù kékeré kan ní Sípéènì láyé àtijọ́, ẹni tó bá to ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ gun alùpùpù náà. Ogun gbé ẹni tó to èyí tó kẹ́yìn lọ kó tó gùn ún.

Mo ń ṣàlàyé èyí fún Ọ̀ṣúnlékè, ọ̀rẹ́ mi, nínú ahoro ilé iṣẹ́ náà, nígbà tó gorí alùpùpù ọ̀hún gan-an. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

"Sọ̀kalẹ̀, ká máa lọ."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ojo. Kò sí epo nínú ẹ̀."

Ìró ẹsẹ̀ náà dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ó dáa, mò ń sọ̀kalẹ̀," ni Ọ̀ṣúnlékè wí. "Yé fi ọwọ́ tútù yẹn fà mí."

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.