Yẹtí tó Jábọ́ ní Yàrá Òkùnkùn

Yẹtí kan ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Àbúrò wá a títí lábẹ́ iná pupa yàrá òkùnkùn, kò rí i, ló bá tan iná funfun. Ó rí yẹtí lẹ́sẹ̀ tábìlì. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, àyà rẹ̀ já: àwọn àwo òkùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn, wà ní ṣíṣí sílẹ̀, fọ́ìlì tó yẹ kó bò wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú àwo, jíìnì kan, àṣẹ àjogúnbá tí ara ti tì pa, sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Oògùn ẹ̀gbọ́n kì í yí jíìnì padà, ṣíṣí ló ń ṣí i. Nínú òkùnkùn, oògùn á sùn. Bí ìmọ́lẹ̀ funfun bá kàn án díẹ̀ péré, á jí, á ṣí jíìnì, sẹ́ẹ̀lì á sì máa tàn ní àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò ó, kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n ti yàrá ìwádìí náà pa.

Ojú ti àbúrò débi pé kò lè jẹun. Ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an níléèwé, òun náà ló wá iṣẹ́ fún un. Nítorí yẹtí lásánlàsàn! Ó bọ́ ìkejì, ó sọ ọ́ sápò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àwo òkùnkùn yẹn..."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kán nǹkan sí wọn." Bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgò oògùn.

Àwọn àlejò dé, wọ́n paná. Àwo ìmọ́lẹ̀, àwọn tí ẹ̀gbọ́n ti tan iná sí, ń tàn yọ̀ọ̀. Àbúrò dijú. Nígbà tó là á, àwo òkùnkùn ṣókùnkùn birimùbirimù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀.

Ara àbúrò kò gbà á mọ́. Ó fa ẹ̀gbọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ forí jì mí. Mo tan iná funfun sí wọn lánàá. Ó yẹ kí wọ́n tàn. Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ fún àwọn àlejò pé èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọn kò wo ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, má lọ, omi lásán ni mo kán sí ti òkùnkùn, oògùn yẹn ò sùn rí, kódà nínú òkùnkùn."